Ọdún tí Bàbá Pe Orúkọ Ọmọ Rẹ̀

Ariwo ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ọkọ mi kò yé fi í ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí di òní: bí mo bá ní kí ẹnì kan bá mi mú ṣíbí, àwọn ará ilé kejì á rò pé ìjà ti dé. Ẹ̀bi mi kọ́. Bàbá àgbà tó tọ́ mi ní Ìlódè, nílùú Ifẹ̀, ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ nídìí ẹ́ńjìnnì bàálù, nínú iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú, nígbà tí kò sí ẹni tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi nǹkan dí etí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tó padà sí Ifẹ̀, etí rẹ̀ ọ̀tún ti kú pátápátá, tòsì sì ń gbọ́ ohun tó bá wù ú. Nítorí náà gbogbo wa nínú agboolé náà là ń pariwo. A ń pariwo kí ara wa káàárọ̀, a ń pariwo gbàdúrà, a sì ń pariwo sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, tó fi jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa tí ẹni tó ń kọjá lójú títì kò mọ̀. Rédíò Bàbá ló máa ń kọ́kọ́ jí láàárọ̀, ìgbálẹ̀ Ìyá àgbà á tẹ̀lé e, àwọn ewúrẹ́ á tẹ̀lé ìgbálẹ̀, èmi ni mo máa ń jí kẹ́yìn. Bàbá á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fèrè kékeré kan lọ́rùn, á máa wo bí mo ṣe ń ká ẹní mi. Bí kò bá gún régé, á ní, "Ṣadé, ṣé báyìí ni wọ́n ń ṣe é ní bárékè?" Èmi tí n kò mọ ohun tí bárékè jẹ́ á ní, "Rárá, sà," n ó sì tún un ká.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń pa wá lẹ́nu mọ́. Bàálù kì í sábà kọjá lórí Ifẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ṣèèṣì gba ibẹ̀, Bàbá tí kò gbọ́ igbe wa láti ẹ̀yìnkùlé ni í kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní àyà lòun fi ń gbọ́ ọ. Á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo agboolé á sì pa rọ́rọ́. Ìyá àgbà á dá ọmọ ọlọ dúró lórí ata. Mọ́mì, ìyá mi, á dúró nídìí okùn pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, omi á máa ro sí i lẹ́sẹ̀. Bàbá á wo òkè títí ariwo náà yóò fi lọ tán, á sọ irú bàálù tó jẹ́ àti bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mí dáadáa, a ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wa. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ẹni tí a ń tìtorí rẹ̀ wo òkè. Bàbá mi ni. Adéwùmí ni orúkọ rẹ̀. Òun náà tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wọ iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú, ó sì wà nínú bàálù akẹ́rù kan tó gbéra láàárọ̀ tí kò sì balẹ̀ síbì kankan. Wọn kò rí òkú, wọn kò rí irin, wọn kò rí bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ ni, ojú inú fọ́tò nìkan ni mo mọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá kí wa lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mu omi, wọ́n ní àwọn ṣì ń wá a. Wọn kò padà wá mọ́.

Láti ìgbà náà ni ilé wa kò ti mọ ohun tí yóò pe ara rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń gbá yàrá ọmọ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Kò gbà kí a kó iṣu síbẹ̀, bí iṣu ṣe lè pọ̀ tó lọ́dún náà, kò sì gbà kí àlejò sùn níbẹ̀. Ìyá àgbà, ọmọ Ifẹ̀ tinú tẹ̀yìn, tí í pe ilé ní "ulé" tí í pe iṣu ní "uṣu", kì í bá a jà sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gún iyán tó sì rò pé ìró odó ti bo ohùn òun, á máa sọ ọ́ fún odó náà pé, "Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ." Èmi á máa gbọ́, kò sì yé mi. Nǹkan tó sọnù, a ṣáà lè rí i. Mo ti sọ sálúbàtà mi nù rí, abẹ́ àgbá omi ni mo ti padà rí i. Ìgbà tí mo bí ọmọ tèmi, tó rìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ni mo tó mọ ohun tí ìyá yẹn ń bá odó sọ.

Ní ti Mọ́mì, ọ̀dọ́ ni. Mo ti ju ọjọ́ orí tó wà nígbà náà lọ fíìfíì báyìí, bí mo bá sì wo fọ́tò rẹ̀, ó dà bí àbúrò mi. Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá. Iṣẹ́ táípù ló ń ṣe ní yunifásítì, á jáde láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, á lọ wọ ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Mayfair, á sì padà wá ní ìrọ̀lẹ́ wá gbé ìkòkò kaná. Kò wọ aṣọ dúdú rí, kò sì lè wọ aṣọ aláràbarà. Bí ó bá rẹ́rìn-ín kọjá bó ti yẹ, àwọn obìnrin ilé á wojú ara wọn. Bí ó bá sunkún, Bàbá á ní kí ó má fi ẹkún ké sí ikú fún ọkọ rẹ̀. Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè é, ọkọ ni kò sí. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, ọ̀fọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò tán. Tirẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀, báwo ni yóò ṣe tán?

Lọ́dọọdún, nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọdún tuntun tán, àwọn àgbà tó ti ṣiṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ní Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ máa ń tò ní pápá ilé ìwé kan nítòsí wa láti rántí àwọn tiwọn tó ti kú. Bí páréèdì bá parí, ilé wa ni wọ́n ti ń jẹun, nítorí Bàbá ni àgbà wọn. Ìmúra ọjọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Ìyá àgbà àti Mọ́mì á bó ẹ̀wà títí ìka wọn yóò fi hun jọ, àwo ewé eéran á kún ẹ̀yìnkùlé, òórùn mọ́ín-mọ́ín á sì máa pe àwọn ọmọ àdúgbò. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ bọ́tìnì ẹ̀wù Bàbá títí yóò fi máa dán. Àyọ́ọ̀nù eléèédú ni Bàbá fi ń lọ ẹ̀wù náà, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Bàbá náà ló máa ń pe orúkọ àwọn òkú. Láìwo ìwé ló ń pè wọ́n, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ kú títí dé orí ẹni tó kú kẹ́yìn. Bí ó bá pe ọ̀kan, ẹnì kan láti ilé olóògbé náà, ìyá ni o, opó ni o, ọmọ ni o, á dáhùn láti àárín èrò pé, "Ó ti délé!" Gbogbo àwọn àgbà náà á sì gbé ọwọ́ sórí, wọ́n á kí i bí ológun ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Mo bi Bàbá Ẹdúnàbọ̀n, ọ̀rẹ́ Bàbá tó máa ń wá láti Ẹdúnàbọ̀n wá pàṣẹ páréèdì, pé ibo ni wọ́n ti rí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ń tún bàálù ṣe ni. Bí bàálù tí àwọn tún ṣe bá gbéra lọ, ọkàn wọn kì í balẹ̀, wọn kì í jẹun dáadáa. Ìgbà tó bá padà dé, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ á kígbe pé ó ti délé, oúnjẹ á sì wá lọ lọ́nà ọ̀fun. "Kò sí ohun tó dùn létí wa ju ìyẹn lọ," ni ó wí. "Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi í sin ara wa."

Bàbá kò pe orúkọ ọmọ rẹ̀ rí. Lọ́dọọdún ni Mọ́mì máa ń wọ aṣọ funfun, á lọ dúró láàárín àwọn opó, á máa wo ẹnu Bàbá. Lọ́dọọdún ni Bàbá máa ń dé orí orúkọ tó kẹ́yìn, tí Bàbá Ẹdúnàbọ̀n á ní kí wọ́n túká, tí Mọ́mì á sì gbé ìdáhùn rẹ̀ padà wálé lẹ́nu láìsọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú páréèdì ọdún tí mò ń sọ yìí, Bàbá ń lọ ẹ̀wù rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mọ́mì wá, ó nu ọwọ́ rẹ̀ tí ó kún fún ẹ̀wà, ó sì kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọkọ mi lọ́la." Bàbá ń lọ aṣọ. Etí ọ̀tún ló kọ sí i. Mọ́mì dìde, ó yípo àga, ó lọ kúnlẹ̀ lápá òsì, ó sì pariwo débi pé àwọn tó ń ṣa ewé ní ẹ̀yìnkùlé dákẹ́. "Bàbá! Mo ní ẹ pe ọkọ mi lọ́la!"

"Mo gbọ́ ẹ," ni Bàbá wí. "Ìyàwó mi, bàbá kì í sin ọmọ nílẹ̀ yìí. Bí ọmọ bá kú lójú bàbá, wọn kì í jẹ́ kí bàbá mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹnu mi yìí kọ́ ni màá fi kà á mọ́ òkú."

"Ẹnikẹ́ni kò sin ín, sà. Ìyẹn gan-an ni mò ń wí."

"Bó bá wálé ńkọ́? Bó bá wọlé, tó gbọ́ pé èmi tí mo bí i ni mo pè é ní òkú?"

"Bó bá wálé, èmi ni màá bẹ̀ ẹ́. Màá ní èmi ni mo fi ipá mú yín. Ṣùgbọ́n èmi ńkọ́, Bàbá? Kí ni èmi? Bí wọ́n bá bi mí ní ọ́fíìsì pé ọkọ mi dà, kí ni kí n sọ? Ṣé kí n ní ó ṣì wà lókè?"

 Àyọ́ọ̀nù náà dúró sójú kan lórí apá ẹ̀wù, òórùn aṣọ jíjó sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ìyá àgbà ló wá gbé e kúrò. Láti ọdún tí bàálù yẹn ti lọ, Bàbá Ṣadé ló ń pe ọkọ rẹ̀, ó ń fi orúkọ mi bo orúkọ tí kò fẹ́ pè. Lọ́jọ́ yẹn ó wò ó lójú, ó ní, "Ẹ dá ọmọ yìí lóhùn, Bàbá Adéwùmí." Bàbá yí ojú kúrò bí ẹni tí wọ́n ju yẹ̀pẹ̀ sí lójú, ó sì wọlé lọ. Ẹ má rò pé ti ìyá mi ni mo ṣe. Ti Bàbá ni mo ṣe. Lójú tèmi, bàálù ṣì ń yí lókè, ó ń wá ibi tí yóò balẹ̀ sí, ẹni tó bá sì ti pe bàbá mi ní òkú ti gba ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ gbàdúrà pé kí Bàbá má gbà, ṣùgbọ́n oorun gbé mi lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ kejì débi pé ètè gbogbo ènìyàn ló là. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń fọn fèrè tí eruku ti dí lọ́fun. Àwọn àgbà náà tò, ìlà wọn sì kúrú ju ti èṣín lọ. A rí àyè àwọn tí wọ́n ti kúrò nínú ìlà bọ́ sáàárín àwọn tí à ń pe orúkọ wọn. Bàbá wọ ẹ̀wù rẹ̀ pẹ̀lú ojú jíjó náà lápá, òun tó máa ń fìyà jẹ mí nítorí ẹní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. "Ó ti délé!" ni ìyá àgbàlagbà kan dáhùn. "Ó ti délé!" ni ọmọkùnrin kan dáhùn, ó sì bú sẹ́kún. Bàbá ń pè é lọ títí ó fi dé orí orúkọ tó máa ń fi parí. Bàbá Ẹdúnàbọ̀n ti ń fa èémí sínú láti pàṣẹ pé kí wọ́n túká, ni Bàbá bá gbé ọwọ́ sókè.

"Kọ́pùrà Adéwùmí," ni ó wí.

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. N kò gbọ́ kí Bàbá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ rí láyé mi, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó dáhùn. Mo wo Mọ́mì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn kò jáde. Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá, ó dé ọwọ́ rẹ̀ tán, ó wúwo jù fún un. Bàbá tún un pè. Ìyá àgbà di ìdí aṣọ Mọ́mì mú láti ẹ̀yìn. Lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá pariwo rẹ̀, bí ìgbà tí bàbá ń pe ọmọ tó ń ṣeré lókèèrè pé kó wá jẹun. Mọ́mì kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ní, "Ó ti délé." A gbọ́ ọ, àwa tí a wà nítòsí. Bàbá kò gbọ́. Ó yí etí òsì sí ọ̀dọ̀ wa, ó béèrè pé, "Kí ló wí? Ta ló dáhùn?" Ìyá mi wá ní láti gbé orí sókè kó sì pariwo rẹ̀ lójú gbogbo ayé: "Ó ti délé, Bàbá! Mo ní ó ti délé!"

Gbogbo àwọn àgbà gbé ọwọ́ sórí. Ọwọ́ Bàbá nìkan ni kò gòkè. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo iwájú, títí Bàbá Ẹdúnàbọ̀n fi kúrò ní ipò rẹ̀, ohun tí ẹni tó ń pàṣẹ kò gbọdọ̀ ṣe, ó lọ di apá rẹ̀ mú, ó sì mú un kúrò ní pápá.

Wọ́n jẹun nílé wa, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀fọ̀ ni. Láwọn ọdún yòókù, bí wọ́n bá ti mu ẹmu díẹ̀, ẹ óò máa gbọ́ irọ́ lóríṣiríṣi nípa bàálù àti àwọn ọ̀gá burúkú. Lọ́dún yẹn, ìró ṣíbí nìkan ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lọ bá Mọ́mì tí wọ́n ní, "Ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ẹnikẹ́ni kò kí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń dá wọn lóhùn, omijé ń bọ́, ó sì ń jẹun. Ó jẹ mọ́ín-mọ́ín, ó tún bu ìrẹsì, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́. N kò rí i kó jẹun báyẹn rí, inú sì bí mi sí i gidigidi. Oúnjẹ Bàbá wà níwájú rẹ̀ títí eṣinṣin fi bò ó.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bàbá pe Mọ́mì. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, Bàbá ní kó jókòó. Mò ń fọ àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, bí a ṣe ń gbọ́ gbogbo nǹkan nílé yẹn. "Láti òní lọ," ni Bàbá wí, "ìwọ kì í ṣe ìyàwó ilé yìí mọ́. Ọmọ mi ni ọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣú ẹ lópó níbí. Bí o bá rí ọkọ, fẹ́ ẹ. Bí o bá fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ n'Íbàdàn, máa lọ, n kò ní bínú." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n mo ti yọ̀ǹda ọmọ kan lónìí. Má gba èkejì lọ́wọ́ mi. Fi Ṣadé sílẹ̀ fún mi."

Mọ́mì yíjú, ó wò mí. Mo di àwo mú nínú omi, mo ń dúró kó sọ pé rárá. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo bàbá arúgbó náà àti apá ẹ̀wù rẹ̀ tó jó, ó ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. Mo mọ̀ pé kò sí èyí tó ṣe ibi nínú wọn. Bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ náà wá bá mi lónìí, èmi alára kò mọ ẹni tí n bá dá láre. Síbẹ̀, ó dùn mí, ó sì ń dùn mí báyìí tí mò ń kọ ọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀, Mọ́mì rí iṣẹ́ n'Íbàdàn. Bàbá ló gbé àpò rẹ̀ lé èjìká dé ojú títì. Bàbá ọkọ kì í gbé ẹrù ìyàwó, nítorí náà àwọn ará Ìlódè jáde síta láti wò ó. Mọ́mì dì mọ́ mi, ó ní òun á máa wá wò mí. Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó máa ń wá, pẹ̀lú búrẹ́dì àti aṣọ tó ti kéré jù fún mi, á jókòó sí yàrá àlejò. Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ gbé e, ó fi ọwọ́ jáde ní fèrèsé, a sì dúró títí a kò fi rí i mọ́.

"Bàbá," mo ní, "ṣé ẹ máa pe orúkọ Mọ́mì náà lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Rárá o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ kò kú, kò sì nù. A mọ ibi tó wà."

"Ṣùgbọ́n èmi kò sí níbẹ̀!"

Mo pariwo rẹ̀. Ó gbọ́ mi. Ó nawọ́, ó di ọwọ́ mi mú.